Òòlù Tí Mtani Gbé Lọ Níbi Òkú

Oberlinden, Jámánì
3 Oṣù Kẹfà, 2011

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Mo kí yín, mo kí Màmá, mo kí tọmọdé tàgbà inú ilé. Ẹ tún kú ará fẹ́ra kù Bàbá Nassoro, ẹ̀gbọ́n yín. Ọjọ́ tí mo gbọ́ ikú wọn, ẹnu iṣẹ́ ni mo wà, omijé ń kán sórí igi tí mò ń fá. Ọ̀gá mi, Màdáámù Ulrike, rò pé eruku igi ló kó sí mi lójú, ó sáré lọ mú awò tí a fi ń bo ojú wá. Mi ò lè ṣàlàyé fún un pé ẹni tó ń gbé mi lọ sílé ìwé lórí kẹ̀kẹ́ ló kú.

Ara mi le. Wọ́n ní ìgbà ooru la wà yìí. Tí Màmá bá rí ooru wọn, aṣọ òtútù ni wọ́n máa bèèrè. Ọ̀dùnkún wọn ni mò ń jẹ, mò ń fojú inú wò ó bí ẹ̀gẹ́ wa.

Bàbá, ọ̀rọ̀ kan wà. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, igi mpingo tuntun, igi dúdú ilé wa, dé sí àgbàlá ilé iṣẹ́ tí a ti ń gbẹ́ fèrè. Kì í ṣe ọwọ́ ẹni tó máa ń rà á lọ́wọ́ abúlé wa ló ti wá. Oníṣòwò kan ní Dar es Salaam ló kó o ránṣẹ́, kò sì wọ́n. Mo rí àmì abúlé wa, Nambunju, ní ìdí gbogbo igi náà, inú mi dùn, mò ń fọwọ́ pa wọ́n lára bí ẹni tó rí ará ilé rẹ̀ nílùú àjèjì. Ìgbà tí a là wọ́n ni inú mi bà jẹ́. Funfun ẹ̀gbẹ́ wọn pọ̀, dúdú àárín tí a fi ń ṣe fèrè kò ju ọrùn ọwọ́ ọmọdé lọ. Igi tí kò tíì gbó ni wọ́n. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ kọ́ mi pé igi tí èèyàn bá lè fi ọwọ́ méjèèjì ká, tí ọmọ ìka sì kanra, ọmọdé ni, ẹnì kan kò gbọdọ̀ fàdá kàn án.

Ṣé abúlé ti yí òfin padà ni? Àbí ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọmọdé? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè fèsì, ọkàn mi ò balẹ̀. Ọ̀gá mi ò fura. Ó rí àmì wa, ó sì ti parí lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ó ní, "Igi ilé yín nìyí, Mwanaidi, tìyẹn ò lè ní ìyọnu."

Ọmọ yín,
Mwanaidi


Nambunju, Kilwa
30 Oṣù Kẹfà, 2011

Mwanaidi, ọmọ Hashimu Kilindo,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ náà kí ọ. Ó ní kí n bi ọ́ bóyá ò ń jẹun, nítorí nínú fọ́tò tó o fi ránṣẹ́, ọrùn rẹ dà bí ọrùn adìẹ tí òjò pa. Èmi kọ́ ni mo sọ bẹ́ẹ̀ o, òun ni.

Kajú ti ń yọ òdòdó. Ìmàdò ti sọ oko ẹ̀gẹ́ mi di ilé oúnjẹ. Ọmọ Mzee Mpili ṣì ń bèèrè rẹ, ó ti ra alùpùpù báyìí, ó sì ń gùn ún kọjá níwájú ilé wa bí ẹni pé ojú ọ̀nà ibòmíràn ti dí. Má pè mí lórí fóònù mọ́. Orí ọ̀gán ni mo ní láti gùn kí n tó gbọ́ ohùn èèyàn, bí mo bá sì ń gùn ún ní ọjọ́ orí mi, àwọn ọmọdé a máa pera wọn wá wòran. Ìwé ni kó o máa kọ, ìwé kì í já lójijì.

Ní ti ọ̀rọ̀ igi, ayé kún fún àmì. Ẹni tó bá ní iná àti irin lè rọ òòlù. Bóyá ayédèrú ni. Ṣé èmi ni mò ń gbé Dar es Salaam ni? Èmi tí mò ń bá ìmàdò jà! Ìbéèrè rẹ sì dùn mí. "Ṣé ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í gé ọmọdé?" Ta lò ń bá sọ̀rọ̀? Èmi ni abúlé fi òòlù sí lọ́wọ́. Tí mi ò bá tíì lu àmì sí ìdí igi, kí n sì lu irú rẹ̀ sórí kùkùté tó kù nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé igi náà kúrò nínú igbó. O mọ̀ ọ́n. Owó igi yìí la fi kọ́ ilé ìgbẹ̀bí tí ẹ̀gbọ́n rẹ bímọ sí tí kò bá ọmọ lọ. Má bi mí ní irú ìbéèrè yẹn mọ́, má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni níbẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ.

Fi awò ìkàwé ránṣẹ́ sí mi, èyí tó nípọn. Ìyá rẹ ló ń ka lẹ́tà rẹ fún mi, ó sì máa ń fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un.

Bàbá rẹ


Oberlinden
22 Oṣù Keje, 2011

Bàbá mi,

Mo kí yín, mo kí Màmá. Awò yín wà nínú àpò yìí.

Mo ka lẹ́tà yín, mo tún un kà. Mo rí ìmàdò níbẹ̀, mo rí kajú, mo rí ọmọ Mzee Mpili lórí alùpùpù. Mi ò rí èsì.

Kì í ṣe ayédèrú, Bàbá. Ẹ rántí ọjọ́ tí òòlù bọ́ lọ́wọ́ yín sórí àpáta lẹ́bàá odò, tí ẹsẹ̀ kan lára lẹ́tà N tó wà lójú rẹ̀ fi kán? Mo wà níbẹ̀. Ẹ bú àpáta náà débi pé Bàbá Nassoro ní kí ẹ jẹ́ kó sinmi. N tó kán lẹ́sẹ̀ yẹn ló wà lára àwọn igi yìí, látorí èyí àkọ́kọ́ dórí èyí ìkẹyìn. Ọ̀kan nínú méjì ni: yálà ẹ̀yin lẹ lù ú, tàbí ẹ gbé òòlù lé ẹni tó lù ú lọ́wọ́.

Ẹ má bínú sí ohun tí mo fẹ́ bi yín yìí. Ṣé ìnáwó ìsìnkú ló mú yín? Bó bá jẹ́ òun ni, kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi? Ṣé mo kú síbí ni?

Àwọn tó fún abúlé wa ní ìwé ẹ̀rí pé a kì í ba igbó jẹ́ ń bọ̀ wá yẹ àgbàlá wa wò ní oṣù Kẹwàá. Ẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe. Wọn á fọwọ́ kan igi kan ṣáá, wọn á ní, "Ẹ fi kùkùté èyí hàn wá." Bí ìwé ẹ̀rí yẹn bá bọ́, Màdáámù Ulrike ò ní lè ra igi wa mọ́, ẹnikẹ́ni tó dà bíi tirẹ̀ ò sì ní rà á. Àwọn tó ń gbé ọkọ̀ tí kò ní nọ́mbà wá nìkan ló máa kù fún wa, tí wọ́n á máa fún wa ní owó iyọ̀.

Bàbá, bí ẹ bá tà á, ẹ sọ fún mi. Mo lè gba òótọ́ mọ́ra. Ohun tó ń pa mí ni pé mò ń fá igi yìí lójoojúmọ́, mo sì ń rò ó.

Mwanaidi


Oberlinden
19 Oṣù Kẹjọ, 2011

Bàbá mi,

Ṣé lẹ́tà mi dé? Mo pè lánàá. Màmá gbé fóònù, wọ́n ní ẹ ò sí nílé. Mo wá ń gbọ́ ikọ́ yín lẹ́yìn wọn. Mo bi wọ́n pé ta ló ń húkọ́, wọ́n ní ewúrẹ́ ni. Láti ìgbà wo ni ewúrẹ́ ti ń bá Màmá gun ọ̀gán?

A ti la igi náà tán, a ti tò ó sórí pẹpẹ kó máa gbẹ. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo máa ń gbà wọlé ní gbogbo àárọ̀. N kì í wo apá ibẹ̀ mọ́.

Ẹ bú mi bó bá wù yín. Ẹ ṣáà fèsì.

Mwanaidi


Nambunju
27 Oṣù Kẹjọ, 2011

Mwanaidi ọmọ mi,

Mo kí ọ. Awò náà dé, mo ti ń fi ojú ara mi kàwé. Èmi ni ewúrẹ́.

Lẹ́tà rẹ tó bá awò wá ti pẹ́ lọ́wọ́ mi. Inú kọ́kọ́ ń bí mi. Mo ní ṣé èmi ni ọmọ tí mo bí ń pè lólè, tó tún ń fi owó ìsìnkú ẹ̀gbọ́n mi gún mi lójú? Nígbà tó yá ìbínú lọ, ojú wá ń tì mí, ìtìjú ni kò jẹ́ kí n mú bírò. Gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

O mọ Mtopela. O mọ̀ pé mtani wa ni, ìdílé rẹ̀ àti tiwa ti ń bú ara wọn bọ̀ láti ìgbà àwọn baba ńlá wa, kò sì sẹ́ni tó gbọdọ̀ bínú. Ọjọ́ tí mo gbé ìyá rẹ níyàwó, òun ló lọ dùbúlẹ̀ sórí ibùsùn wa, ó ní òun ni ìyàwó, kí ìyá rẹ máa lọ sílé. Ọjọ́ tí a ń sin Nassoro, ó dé kí òkú tó kúrò nínú ilé. Ó ti wọ fìlà Nassoro, ó ń rìn bíi Nassoro, ó ń pariwo bíi rẹ̀, "Hashimu! Ta ló jẹ ẹja mi?" Àwọn opó ń sunkún, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Nígbà tí a dé itẹ́ òkú, ó bọ́ sínú sàréè, ó nà gbalaja, ó ní ibẹ̀ tutù, òun ò jáde, kí a lọ gbẹ́ òmíràn fún olókùú. Mo rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn mí. Bí kò bá sí mtani, ọ̀fọ̀ á máa pa èèyàn kún òkú.

Bí a ṣe dé láti itẹ́ òkú, ó wọ yàrá mi, ó gbé òòlù. Ó fi okùn so ó kọ́ ọrùn. Ó ní, "Èyí di tèmi títí ẹ ó fi rà á padà!" Ayé rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Kí ni kí n ṣe? Ohun tí mtani bá mú níbi òkú, a kì í já a gbà. Ẹni tó bá bínú sí mtani lọ́jọ́ yẹn, òkú rẹ̀ ló dójú tì. Ọjọ́ àdúrà ogójì ni mo fi àkùkọ rà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò fura sí nǹkan kan. Mo rò pé ara ògiri ló fi í kọ́ sí.

Lẹ́yìn lẹ́tà rẹ ni mo mú àdá, mo wọ igbó lọ. Ní apá odò, níbi tí abúlé ò tíì ṣí fún gígé, mo bá àwọn kùkùté náà. Wọ́n tín-ín-rín. Àmì mi wà lórí wọn, Mtopela lù ú dáadáa, bí èmi gan-an ṣe máa ń lù ú. Mo jókòó sílẹ̀. Mwanaidi, ẹkún tí mo sun níbẹ̀ ju èyí tí mo sun fún Nassoro lọ, nítorí Mtopela ò sí níbẹ̀ láti pa mí lẹ́rìn-ín.

Ta ni kí n wá fi sùn? Bí mo bá fi Mtopela sùn, wọn á ní Hashimu gbé ìsìnkú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá. Bí mo bá sọ fún abúlé, ìwé ẹ̀rí á lọ, ẹ̀gàn á sì kù. Nítorí náà mo bẹ̀ ọ́ ni, èmi bàbá rẹ: fi ọ̀rọ̀ yìí sínú. Jẹ́ kí igi náà máa gbẹ lórí pẹpẹ. Kó tó gbẹ tán, gbogbo wa á ti gbàgbé.

Ìyá rẹ ò mọ̀ pé mo kọ èyí.

Bàbá rẹ


Oberlinden
14 Oṣù Kẹsàn-án, 2011

Bàbá mi,

Mo kúnlẹ̀, mo yíká. Ẹ forí jì mí. Mo fi lẹ́tà pe bàbá mi lólè, ojú mi ò sì gbẹ títí di báyìí. Mo sunkún, mo tún rẹ́rìn-ín. Ó dà bí ẹni pé mo rí Bàbá Mtopela nínú sàréè yẹn.

Ṣùgbọ́n mi ò lè fi sínú, Bàbá. Bí àwọn olùyẹ̀wò bá dé, tí wọ́n bá dé ìdí kùkùté yẹn, àmì yín ni wọ́n máa bá. Orúkọ ẹni tí òòlù wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni wọ́n máa kọ. Wọn ò ní kọ Mtopela, wọn ò mọ ohun tó ń jẹ́ mtani.

Mo lè sọ fún ọ̀gá mi lónìí. Iṣẹ́ mi lè lọ, ìwé ìgbélùú mi sì so mọ́ iṣẹ́ náà, mo mọ̀. Oorun ti dá lójú mi nítorí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ẹnu mi ló ti jáde, Nambunju á di olè tí ọwọ́ tẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹnu abúlé ló ti jáde, Nambunju á di ẹni tí wọ́n jà lólè, tó sì ké síta. Ọ̀tọ̀ ni méjèèjì lójú àwọn èèyàn yìí, ọ̀tọ̀ sì ni lójú tèmi náà.

Mo máa dúró dè yín títí oṣù Kẹwàá fi máa wọlé. Lẹ́yìn ìyẹn, mo máa sọ ọ́, ẹ bínú ẹ má bínú.

Bàbá, ṣebí ibikíbi lẹ ti lè bú mtani yín? Ẹ̀tọ́ yín ni. Ẹ dìde níbi ìpàdé abúlé, kí ẹ bú u, kí ẹ ju òótọ́ sínú èébú náà. Kò lè bínú, ẹnikẹ́ni ò sì lè dá yín lẹ́bi.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀ yín,
Mwanaidi


Nambunju
29 Oṣù Kẹsàn-án, 2011

Mwanaidi,

Mo kí ọ. Èmi àti ìyá rẹ wà láàyè.

Mo ṣe ohun tó o ní kí n ṣe. Ìmọ̀ràn rẹ dùn létí, àmọ́ ó fi hàn pé o ti pẹ́ nílùú àwọn tí kò ní mtani.

Abúlé pé sábẹ́ igi máńgòrò ilé ìwé. Bi Sharifa tó jẹ́ alága ní ta ló ní ọ̀rọ̀ sọ. Mo dìde. Mo ní, "Mtopela ni mo fẹ́ bá wí! Ẹ wo orí rẹ̀ bí àgbọn tí ọ̀bọ jẹ kù! Olè ni! Òòlù tó gbé níbi òkú ẹ̀gbọ́n mi, òun ló fi lu igi tí kò tíì gbó, ó sì tà wọ́n sí Dar es Salaam!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín. Àwọn obìnrin ń pàtẹ́wọ́. Mtopela fò dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè. Ó ní, "Òótọ́ ni! Èmi ni mo jí i! Mo jí ìyàwó rẹ̀ náà, àfi ìgbà tí mo tọ́ ọbẹ̀ rẹ̀ wò ni mo yáa dá a padà!" Ìyá rẹ ju bàtà lù ú. Àwọn kan ń yí nílẹ̀.

Ó jẹ́wọ́, Mwanaidi. Lójú gbogbo wa ló ti jẹ́wọ́, kò sì sẹ́ni tó gbà á gbọ́. Wọ́n rò pé ọjọ́ ẹ̀fẹ̀ wa ni. Mo wo ojú rẹ̀, ojú rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń sọ pé, jọ̀ọ́, ibi tó mọ nìyí, jókòó.

Ǹ bá jókòó. Mo ti sọ ọ́, àbí? Èmi àti ìwọ ì bá lè búra pé mo sọ ọ́. Ṣùgbọ́n mi ò jókòó. Mo ní, "Mtopela, lónìí mi ò bá ọ ṣẹ̀fẹ̀."

Baba mi ò sọ gbólóhùn yẹn sí baba rẹ̀ rí. Ó ní, "Hashimu, oòrùn ti pa ọ́, lọ mumi." Mo tún un sọ. Mo ní kí ẹni tí ara bá ń fu tẹ̀ lé mi. A wọ igbó lọ, gbogbo wa, títí kan àwọn tó gbé ọmọ pọ̀n. Bi Sharifa bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ nídìí kùkùté kan, ó fi ọwọ́ méjèèjì ká a, ọmọ ìka rẹ̀ kanra. Ó wo àmì orí rẹ̀, ó wò mí, ó wo Mtopela.

Wọ́n bi í pé kí ló dé. Ó ní ẹ̀fẹ̀ lòun fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní òun mú òòlù lọ́wọ́, òun ń ṣe bí èmi, òun ń húkọ́ bí èmi, òun gé igi kan, òun lu àmì sí i kí àwọn ọmọ ilé òun lè rẹ́rìn-ín. Àṣé oníṣòwò kan ń kọjá lọ. Oníṣòwò náà ò rẹ́rìn-ín, ó bi í ní iye tó fẹ́ tà á. Bí eré bí eré, àlàbọrùn ń di ẹ̀wù.

Abúlé ti kọ̀wé fúnra rẹ̀ sí àwọn tó fún wa ní ìwé ẹ̀rí. Ẹ̀dà rẹ̀ wà nínú àpò yìí, gbé e fún ọ̀gá rẹ. A ò ní gé igi kankan lọ́dún yìí, ìyẹn ni pé kò sí kànga tuntun, ògiri ilé ìgbẹ̀bí tó sán á sì wà bẹ́ẹ̀. A ò tíì mọ̀ bóyá wọ́n á gba ìwé ẹ̀rí náà lọ́wọ́ wa. Mtopela ni yóò máa ṣọ́ apá odò, láìgbowó, títí àwọn igi tó ń hù níbẹ̀ á fi ju ohun tí ọwọ́ méjì lè ká lọ. Òun àti èmi á ti kú kí ìyẹn tó rí bẹ́ẹ̀. Mo dá òòlù padà fún ìpàdé kí wọ́n tó bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ mi. Kọ̀wé kíákíá, kí a mọ ibi tí iṣẹ́ rẹ já sí. Ìyá rẹ ò sùn dáadáa.

O ṣe ohun tó yẹ, èmi náà ṣe ohun tó yẹ. Mo fẹ́ kó o mọ̀ pé inú mi ò dùn. Bí mo bá kú, ta ló máa wọ fìlà mi? Ta ló máa pa ìyá rẹ lẹ́rìn-ín?

Kò sí àárọ̀ kan, láti ìgbà tí a ti wà ní kékeré, tí Mtopela rí mi lọ́nà tí kò pè mí ní ọ̀bọ, tàbí àgbàyà, tàbí ọkọ ewúrẹ́. Láàárọ̀ yìí mo rí i tó ń bọ̀ láti odò. Mo ti tọ́jú èébú tèmi sẹ́nu, èyí tó dára. Mo fẹ́ kó bú mi, Mwanaidi, Ọlọ́run mọ̀ pé mo fẹ́ ẹ. Nígbà tó dé ọ̀dọ̀ mi, ó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà kí n lè kọjá, ó ṣí fìlà. Ó ní, "Ẹ káàárọ̀, Bàbá. Ṣé ẹ jí dáadáa?"

Bàbá rẹ,
Hashimu Kilindo